Ọjọ́bọ̀ Lórí Ilẹ̀ Màámè Yaa

Olóríkunkun lọkọ mi, mi ò lè fi bò. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ la ti wá dáko sí abúlé kan lẹ́yìn Kumasi, ní Gánà. Màámè Yaa ló fún wa nílẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló sì kìlọ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ roko ní Ọjọ́bọ̀, torí ọjọ́ yẹn ni ilẹ̀ ń sinmi.

Òjò wá kọ̀, kò rọ̀, àgbàdo wa gbẹ. Cornelius lorúkọ ọkọ mi; ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní bí èyí tá a máa tún gbìn bá tún bàjẹ́, ká máa bọ̀ nílé. Ká padà lọ́wọ́ òfo! Ìtìjú yẹn tó pa èèyàn.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni òjò rọ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọkọ mi gbé ọkọ́.

“Bàbá Ìmísí, ọjọ́ wo lòní?”

“Ọjọ́ Ìsinmi kan ṣoṣo ni Kristẹni mọ̀,” ó ní, ó bá tiẹ̀ lọ.

Kò tíì kọ ebè kan tán tí Màámè Yaa fi yọ sí i. “Ɛnnɛ yɛ Yawoada!” ló ń pariwo, pé Ọjọ́bọ̀ lòní. Ó lé e jáde lóko, ó ní kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀ àfi tóun bá ní kó padà. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ títí.

“Ẹ ò mọ ohun tá a ń fi Ọjọ́bọ̀ ṣe ni,” ó sọ fún mi ní Twi, èdè wọn. “Ìgboro la ń lọ wá owó. Oko nìkan ò bọ́ ẹnikẹ́ni níbí rí.”

Ìbínú mú Cornelius jókòó sílé, ó ń fi imọ̀ ọ̀pẹ hun apẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ. Kì í tà á. Àgbẹ̀ lòun, kì í ṣe alápẹ̀rẹ̀. Mi ò bá a jiyàn. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ mìíràn dé, mo ru àwọn apẹ̀rẹ̀ náà lọ sí ọjà Krofrom ní ìgboro Kumasi, níbi tí Bridget, ọmọ Nàìjíríà bíi tiwa, ti ń ta tòmátì.

“Àǹtí, chale, èyí le paa!” ó ní, bí àwọn ará Gánà ṣe ń sọ ọ́ tí nǹkan bá wù wọ́n gan-an. “Ẹ mú sí i wá!”

Kí oòrùn tó kàntàrí, gbogbo rẹ̀ ti tán.

“Ṣé wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo hun ún?” ọkọ mi bi mí nígbà tí mo délé, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

“Wọ́n ní ìgbà wo lẹ máa yọjú.”

Ẹ wo ẹ̀rín lẹ́nu ọkùnrin!

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ tún yí po, òun fúnra rẹ̀ ló ru apẹ̀rẹ̀ wọ mọ́tò. Màámè Yaa ló jókòó síwájú wa, òun náà ń lọ tajà. Ó wo ẹrù náà, ó wo ọkọ mi, ó rẹ́rìn-ín.

“Lọ́la,” ó ní, “padà sídìí ebè rẹ.”

Kí mọ́tò tó gbéra, Cornelius ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. “Bọ̀dá mi, ẹ má retí wa mọ́. A ti ríbi jókòó sí.”

Mo sunkún ayọ̀ débi tí Màámè Yaa fi yọ aṣọ orí rẹ̀ fún mi pé kí n fi nujú.