Òjìji Lára Kòkó

Ẹ̀yínadé gbà pé òun kò ní ẹnu ọ̀rọ̀ oko. Nígbà tó ń ṣe tíṣà ní Adó, Ìbíkúnlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dúró sí Ìpótì, tó ń tọ́jú oko kòkó bàbá wọn, lójò lẹ́ẹ̀rùn. Kí ènìyàn fẹ̀yìn tì, kó dé, kó wá máa pàṣẹ? Ojú ń tì í.

Ṣùgbọ́n Ìbíkúnlé ti ní òun máa gé igi ẹ̀bá odò, èyí tí bàbá wọn kọ́kọ́ gbìn, nítorí pé kò so dáadáa mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dun Ẹ̀yínadé wọra. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n tíṣà wa gbà pé àwòrán lè bá òun bẹ̀bẹ̀. Ó ká èso kan lórí igi náà, ó gbé e síwájú fèrèsé, ó sì fi íńkì dúdú yà á. Ìlà tín-ín-rín ló fi tẹ̀lé àwọn ebè ara èèpo rẹ̀. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, ó ń fi ṣóńṣó pẹ́ẹ̀nì tọ bébà, tó, tó, tó, títí àwọn àmì wẹ́wẹ́ náà fi ki bí òjìji. Ọrùn ń ro ó, kò sinmi.

Ìbíkúnlé gbé àwòrán náà sún mọ́ ojú.

“Ọwọ́ rẹ mà dára o! Igi wo lo ti ká a?”

“Igi ẹ̀bá odò ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ó mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yé. Inú Ẹ̀yínadé dùn, ó rò pé ẹ̀bẹ̀ òun ti wọlé.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé oúnjẹ lọ sóko. Igi náà ti wà nílẹ̀.

“O ṣeun tó o fi hàn mí,” Ìbíkúnlé wí, ó ń nu òógùn. “Mo fẹ́ dúró de ẹ̀ẹ̀rùn tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ̀ pé àìsàn tó ń sọ kòkó di dúdú ti wọ̀ ọ́. Ì bá ti ràn mọ́ ìyókù.”

“Òjìji ni mo yà, ẹ̀gbọ́n mi. Kò sí àìsàn kankan.”

Ìbíkúnlé mú èso kan nílẹ̀, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó fi àdá là á. Inú rẹ̀ funfun. Ó la òmíràn. Bákan náà ni.

“Àbí o ò fẹ́ kí n gé e ni?”

Omi ti lé ròrò sójú Ẹ̀yínadé. “Igi bàbá wa ni.”

“A jọ ń jẹun lálaalẹ́ ní ulé. Kí ló dé tó ò sọ?”

Ẹ̀yínadé gbé oúnjẹ náà kalẹ̀, ó jókòó. Ìbíkúnlé jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí igi tó wó náà.

“Ká ní o sọ ọ́ ni,” ó wí, “ǹ bá fi í sílẹ̀ fún ọ.”