Ẹrù Tí Fọláyọ̀ Fi Sọ́wọ́ Mi

Ní ọdún 1971, Fọláyọ̀ gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò mi ní Ìrẹmọ, Ilé-Ifẹ̀. Olúfẹ́mi ni orúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó sunkún títí. Àwòrán kan ṣoṣo ni mo rí yà.

Kí wọ́n tó wá gbà á, ibà ti pa ọmọ náà.

Bí ọmọdé bá kú nílé wa, àwọn àgbà a kó gbogbo ohun tó jẹ́ tirẹ̀ kúrò lójú ìyá rẹ̀. Aṣọ, bàtà, abọ́. Wọn kì í pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Adéagbo, ọkọ Fọláyọ̀, wá bá mi ní ọjọ́ kẹta. Ó gba àwòrán náà, ó fà á ya lójú mi. Ó ní kí n jó nẹ́gátíìfù rẹ̀, kí n má baà tún fi fọ òmíràn. Mo ní mo ti gbọ́. N kò jó o.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Fọláyọ̀ fúnra rẹ̀ wá. Kò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ṣì wà?"

"Ó wà."

"Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí bàbá ẹ̀ mọ̀. Ọjọ́ tí mo bá lè gbà á, mo máa wá."

Ó bí ọmọ mẹ́rin lẹ́yìn náà. Solomon ni àkọ́kọ́ nínú wọn, òun ni wọ́n sì fi ń pè é ní Ìyá Solomon. Bó bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, ó máa ń kí mi. Kò béèrè nǹkan kan fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n.

Nígbà tí ojú mi kò ríran dáadáa mọ́, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mo kó àpótí nẹ́gátíìfù sí yàrá kan nílé. Ikán wọ ibẹ̀. Òjò wọ ibẹ̀. Àwọn tó kù lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n sì ń rùn bí ọtí kíkan.

Tiwaladé, ọmọ àbúrò mi, ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Mayfair. Òun ló ní kí n mú àwọn tó ṣì dára wá. Ó fẹ́ fi wọ́n sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn ọmọ Ìrẹmọ tó wà lókè òkun lè máa rí àwọn èèyàn wọn. Mo yan irinwó. Ti Olúfẹ́mi ni mo kọ́kọ́ yàn.

"Ta ni eléyìí, Bàbá?"

"Kọ 'Ọmọ Fọláyọ̀, 1971' sí i. Fi í síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i àfi ìwọ."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó da gbogbo wọn kọ sínú kọ̀ǹpútà. Mo wo ojú ọmọ náà lórí gíláàsì kọ̀ǹpútà. Ó mọ́ ju bó ṣe rí lọ́wọ́ mi lọ.

Mo padà sílé, mo kó àpótí náà àti irinwó tí mo yàn sẹ́yìnkùlé, mo dáná sun wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń wá yàrá, mo sì fẹ́ fi èyí tí àpótí wà háyà fún un.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó ló ń bá Tiwaladé tọ́jú ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì tó kó wọn sí. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n ní àwòrán ti gba àyè jù, kí ó fi kún owó. Ọ̀rọ̀ fúyẹ́, àwòrán ló wúwo. Tiwaladé wá bá mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, mo ti rí ibi tí a máa kó wọn sí. Ọ̀rọ̀ á wà ní Èkó, àwòrán á wà ní Amẹ́ríkà. Bí èèyàn bá ṣí ojú ìwé wa, wọ́n á jọ pàdé níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni."

"Ta ní í fún èèyàn ní yàrá lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Òyìnbó ni, Bàbá. Wọn kì í ṣe onílé Ifẹ̀ bíi yín."

"Kí ni wọ́n ń gbà?"

"Kò sí o. Kí n ṣáà wọlé síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọgọ́ta ọjọ́, kí wọ́n mọ̀ pé mo wà láàyè."

"Bí o kò bá wọlé ńkọ́?"

"Wọ́n á kó o dànù. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mò ń wọlé."

Mo ní ọgọ́ta ọjọ́ pọ̀. Ó kó wọn lọ. Ó pa wọ́n rẹ́ ní Èkó. Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kéré, ó pa wọ́n rẹ́ níbẹ̀ náà kí ó lè rí àyè ṣiṣẹ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1999, ìjì wó igi lu wáyà tẹlifóònù ní Mayfair. Láìsí tẹlifóònù, kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifóònù wá wo igi náà. Wọ́n ní kò sí wáyà tí wọ́n máa fi tún un ṣe. Wọ́n lọ.

Tiwaladé lóyún. Nígbà tó di ogójì ọjọ́ tí kò ti wọlé sí ti Amẹ́ríkà, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì háyà. Iná kò sí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní òun á tún lọ. Kí ó tó lọ, oyún náà di ti ilé ìwòsàn. Wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ náà jáde. Mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá, ọjọ́ méjì ló kù." Ó kọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń wọlé sórí ìwé. "Ẹ bá mi lọ."

Èmi kò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo dé Ìbàdàn ní aago mẹ́sàn-án. Abímbọ́lá, ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, gba ìwé lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rọ tó ń gba orí tẹlifóònù pe íńtánẹ́ẹ̀tì fọn fèrè, ó dákẹ́. Ó tún fọn, ó tún dákẹ́.

"Láìnì ò gbé e, Bàbá. Ṣé ó le tó báyìí ni? Àbí ìyàwó ló ń dúró ní Amẹ́ríkà?"

"Ọmọ ni."

"Ọmọ yín?"

"Rárá."

Kò bi mí mọ́. Ó gbìyànjú títí aago márùn-ún. Ó bẹ̀ mí. Kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé àti Sọ́ńdè.

Mo padà ní ọjọ́ Ajé. Lẹ́ẹ̀kan péré ni ẹ̀rọ fọn fèrè, ó sì gbé e. Ojú ìwé náà ṣí. Orúkọ wà níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Lókè orúkọ kọ̀ọ̀kan, àpótí òfo kan, àmì pupa kékeré nínú rẹ̀. Abímbọ́lá fi ọ̀rọ̀ àṣírí ṣí èyí tí a fi pamọ́. Ọmọ Fọláyọ̀, 1971. Àpótí òfo.

Tiwaladé kọ lẹ́tà sí àwọn ará Amẹ́ríkà. Wọn kò dáhùn.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Adéagbo kú. Wọ́n sin ín. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, Fọláyọ̀ wá sílé mi nínú aṣọ dúdú. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jókòó.

"Bàbá Solomon ò sí mọ́. Mo wá gba ẹrù mi."

Mo sọ ọ́ fún un: ikán, iná, Èkó, Amẹ́ríkà, ọgọ́ta ọjọ́. Kò gùn.

"Ta ló wà níbẹ̀ tí ẹ gbé e fún?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ gbé ọmọ mi fún un?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi.

"Kí ló wọ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Bùbá funfun, ṣòkòtò kékeré. Bàtà ẹsẹ̀ òsì ti bọ́. Ìwọ lo dì í mú láti ẹ̀yìn àga. O lóṣòó kí n má baà yà ọ́ mọ́ ọn."

"Òótọ́ ni. Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

Ogójì ọdún ni mo fi ya ojú èèyàn. Mo di ojú mi. Àpótí òfo ni mo rí.

"Mi ò rántí."

"Èmi náà ò rántí, Ẹ̀gbọ́n. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn."

Ó dìde. Ó ní kí n fi yàrá tí àpótí náà wà tẹ́lẹ̀ han òun. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ibẹ̀, ọmọbìnrin kan, kúnlẹ̀ kí i, ó sì yà fún un lẹ́nu ọ̀nà. Fọláyọ̀ wo inú yàrá náà yíká: bẹ́ẹ̀dì, ìwé, aṣọ lórí ìṣó. Ó wò ó pẹ́.

"Ẹ ti fi ọ̀dà kun ún," ló wí.

"Mo kun ún."

Ó dágbére fún wa, ó sì lọ.