Orúkọ Ẹẹ́tàdínlógún

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Tòún, kò sẹ́ni tó pe Ọládòṣù ní Bàbá Tòún mọ́ ní Egan. “Alàgbà” ni wọ́n ń pè é. Àánú ló mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n etí ọkùnrin náà kò yé wá orúkọ yẹn.

Láàárọ̀ Sátidé kan lọ́dún 1994, Julius dé, tòun ti bébà gbọọrọ tí wọ́n tẹ iṣẹ́ Tòún sí lábẹ́ abíyá. Òun àti Tòún ni wọ́n jọ ń kọ àṣẹ tó ń jí kọ̀ǹpútà nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, ní ọ́fíìsì wọn ní Gowon Estate.

“Bàbá Tòún, ẹ káàárọ̀ o, sà!”

Ọládòṣù jẹ́ kí orúkọ náà wọ òun létí tán ná.

“Jókòó.”

“Nọ́ńbà lásán ni Tòún kọ káàkiri ibí, sà. Mò ń fún wọn lórúkọ. Màá kọ nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan péré lókè, orúkọ la ó máa pè níbi yòókù, kó lè yé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo ti mọ gbogbo wọn, àfi eléyìí. Iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà á gbìyànjú àtika díìsìkì kó tó sú u ni. Ìgbà mẹ́ta làwa máa ń fi sí i. Mẹ́tàdínlógún ni Tòún fi sí i! Mo bi í, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, ‘Lọ bi bàbá mi.’ Mo ṣe bí àwàdà ni.”

Ọládòṣù tẹjú mọ́ bébà náà. Oorun Tòún wúwo láti kékeré. Bàbá rẹ̀ kì í nà án, kì í da omi sí i lára. Ẹnu ọ̀nà yàrá ló ń dúró sí, á ní, “Tòún, ilẹ̀ ti mọ́,” á wá máa ka ení, èjì. Ogún ló ń kà lọ, kò dé ogún rí. Ní ẹẹ́tàdínlógún lọmọ náà máa ń fò dìde.

Ní ọsibítù, ó kà á létí bẹ́ẹ̀dì Tòún. Ìgbà àkọ́kọ́ tó kà dé ogún nìyẹn.

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Julius, àfi ti ọsibítù.

“Kí la ó wá pè é, sà?”

“Ilẹ̀ ti mọ́.”

Julius kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá: ILE_TI_MO.

“Ilé Tímò wo rèé? Ta ń jẹ́ Tímò?”

Julius bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀rọ ò mọ àmì ohùn, sà.”

“Èmi mọ̀ ọ́n.” Ó gba bírò, ó sì fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó sin àlejò rẹ̀ dé ìloro.

“Bí o bá tún ń kọjá, yà kí mi,” ó ní. “Má wulẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Pè mí láti ìta bí o ṣe pè mí láàárọ̀ yìí, kí ohùn rẹ ròkè.”