Oògùn Eékún Màmá

"Màmá, ẹ dijú. Tí mo bá ti fi abẹ́rẹ́ kàn yín lẹ́sẹ̀, ẹ ní 'ó kàn mí'."

Nọ́ọ̀sì fi ẹnu abẹ́rẹ́ kan àtàǹpàkò ẹsẹ̀, ó kan àtẹ́lẹsẹ̀, ó kan gìgísẹ̀. Màmá Fàtímọ̀ dijú, wọ́n ń retí.

"Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?" ni wọ́n bèèrè.

Zakiyyah, ọmọ wọn, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó rí ẹ̀jẹ̀ tó yọ díẹ̀ ní gìgísẹ̀. Ìjẹta ni Màmá tẹ ẹyin iná níbi tí wọ́n ti ń yan gààrí. Aládùúgbò ló gbóòórùn ẹran sísun tó fi pariwo; Màmá ò mọ nǹkan kan.

Ilé ìwòsàn yìí náà ni Zakiyyah ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ń kó fáìlì àwọn aláìsàn sí. Yóò ka ohun tí dókítà kọ, yóò wá nọ́ńbà àìsàn náà nínú ìwé kóòdù, yóò sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń ṣe é. Kò ṣe é fún ẹni tó bí i rí.

Dókítà Adédìpẹ̀ wo èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ títí. "Ṣúgà yín ga púpọ̀, Màmá. Ó ti ba iṣan tí ẹsẹ̀ yín fi ń mọ ìrora jẹ́. Oògùn wo lẹ ń lò?"

"Ti eékún nìkan ni. Ó ń lọ sí ọdún mẹ́ta báyìí. Òun ni mo fi ń rí eékún tẹ̀ kírun."

Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n mú ọ̀rá kékeré kan jáde. Hóró funfun wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Dókítà gbé ọ̀kan sójú, ó ka lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀.

"Ó ń mú ìrora lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ lára, ó máa ń gbé ṣúgà sókè. Ẹ má sì dá a dúró lójijì o, díẹ̀díẹ̀ la máa dín in kù. Ẹni kẹta tí màá rí lóṣù yìí rèé. Ta ló ń tà á fún yín?"

Màmá ò wo ojú Zakiyyah. "Ọkùnrin kan tó ń kiri lọ́jà Olúpọ̀nnà ni. N ò mọ orúkọ ẹ̀."

Irọ́ ni. Mùrí, ọkọ Zakiyyah, ló ní kẹ́míìsì, òun ló ń di hóró náà sínú ọ̀rá. Zakiyyah ló sì ń gbé e lọ fún Màmá lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó dúró de ìbínú, ó dúró de ẹkún. Ìkankan ò dé. Ńṣe ló dà bíi pé aláìsàn tí kò mọ̀ rí ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí fáìlì náà dé orí tábìlì rẹ̀, ó pe Mùrí.

"Bàbá Shamsu, wọ́n ní àtọ̀gbẹ ló ń ṣe Màmá. Oògùn eékún yẹn ló fà á."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Dókítà."

"Ṣé Màmá dárúkọ mi?"

"Rárá."

Mùrí mí kanlẹ̀. "Ìwọ kọ́ lo ń tẹ kóòdù ọ̀hún ni? Tẹ ti àtọ̀gbẹ lásán. Àìmọye àgbàlagbà ló ní in ní Ìwó yìí, ta ló máa bèèrè? Wallahi, mi ò mọ̀ pé ó máa rí báyìí. Mo rí i pé ó ń tu àwọn èèyàn lára ni."

"Èèyàn mélòó?"

"Zakiyyah, jọ̀ọ́."

"Ẹ ò tíì bèèrè bí ẹsẹ̀ wọn ṣe rí," ló sọ, ó sì pa fóònù.

E11.4 ni kóòdù àtọ̀gbẹ tó wọ́pọ̀, tó ti ba iṣan jẹ́. E09.4 ni ti èyí tí oògùn fà. Bó bá tẹ ti àkọ́kọ́, dókítà yòówù tó bá ṣí fáìlì náà lọ́la á gbà pé ọjọ́ orí ló fà á, kò ní bèèrè oògùn kankan. Zakiyyah tẹ E09.4. Ó dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn dókítà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe ọjà Olúpọ̀nnà. Ọkọ mi ló ń tà á fún wọn, èmi ni mo sì ń gbé e lọ."

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ṣé kí n kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Ẹ kọ ọ́, sà. Àwọn mìíràn ṣì wà nílùú tí wọ́n ń lò ó lọ́wọ́."

Màmá wà lórí bẹ́ǹṣì níta, ẹsẹ̀ kan nínú báńdéèjì. "Kí lo lọ sọ fún un?"

"Òótọ́ ni, Màmá."

"Èmi tí mo ti bò ó mọ́lẹ̀ nítorí ẹ. Ilé ọkọ rẹ ńkọ́?"

Zakiyyah kúnlẹ̀, ó gbọn yanrìn inú bàtà Màmá dànù, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ bóyá nǹkan mìíràn wà níbẹ̀, kó tó wọ̀ ọ́ fún wọn. Kẹ̀kẹ́ kan dúró, oníkẹ̀kẹ́ bèèrè ibi tí wọ́n ń lọ.

Zakiyyah dárúkọ agbo ilé tí wọ́n ti bí i, kò dárúkọ ilé Mùrí.