Ogún Ìṣẹ́jú Nínú Omi Iyọ̀

1.

…tí omi iyọ̀ àkọ́kọ́, èyí tí iyọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀, bá ti gba inú asẹ́ kọjá, àwọn òfìfo á bá a lọ. Lẹ́yìn èyí, a ó dá omi dúró fún ogún ìṣẹ́jú. A kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìgbà tí ogún ìṣẹ́jú bá pé ni a ó tó da omi iyọ̀ kejì sí i, èyí tí iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀. Àwọn tó kún nìkan ni yóò jáde.

(Láti inú ìwé ìbéèrè fún pátẹ́ǹtì, ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó ṣàwárí ohun tuntun, ojú ewé kẹsàn-án. Ẹni tó kọ ọ́: Ọmọ́bọ́lá Fájánà, ọmọ Ìkirè. Ọjọ́ tó wọlé: 9 Oṣù Kẹsàn-án, 2024.)


2.

Ẹ jẹ́ kí a tún un sọ fún ẹni tí kò dé lábù rí.

Fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n mú. Wọ́n tu ibi inú rẹ̀ dànù, wọ́n di oògùn sínú rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di alárù. Alárù yìí ni yóò ru oògùn wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí fòníkú-fọ̀ladìde ń bá jà. Ṣùgbọ́n nínú alárù mẹ́wàá, bí mẹ́fà bá ru ẹrù, ẹ dúpẹ́. Àwọn yòókù kàn ń rìn lọ́wọ́ òfo ni, bí a bá sì dà wọ́n pọ̀ fún aláìsàn, wọ́n á kàn máa yọ ọ́ lẹ́nu lásán.

Ọdún mẹ́fà ni Ọmọ́bọ́lá fi wá ọ̀nà tí yóò fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Àbúrò rẹ̀, Ìfẹ́olúwapọ̀, kú lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún. Àìsàn yẹn náà ni. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní lábù n'Íbàdàn pé nítorí rẹ̀ ni òun fi ń ṣe é. Ó kàn ń ṣiṣẹ́ ni.


3.

Sí: Ọmọ́bọ́lá Fájánà
Láti: ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì
Ọjọ́: 2 Oṣù Kẹta, 2026

Ẹnì kan tí kò dárúkọ ara rẹ̀ kọ̀wé sí wa. Ó ní wọ́n ti sọ ọ̀nà yín yìí ní gbangba, nínú ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì kan n'Ìkirè tí wọ́n gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 1 Oṣù Kẹsàn-án, 2024. Ọjọ́ mẹ́jọ nìyẹn kí ìwé yín tó wọlé.

Fídíò tí ó fi ránṣẹ́ já ní àárín. Omi iyọ̀ méjèèjì wà nínú rẹ̀. Ìdádúró ogún ìṣẹ́jú kò sí níbẹ̀. Ẹni tó kọ̀wé ní òun fi etí ara òun gbọ́ ọ.

Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ ní gbangba, kì í ṣe tuntun mọ́. Ohun tí kì í ṣe tuntun, a kì í fún un ní pátẹ́ǹtì.

Ẹ fèsì kí ó tó di ọjọ́ 17 Oṣù Kẹrin.


4.

Ọmọ́bọ́lá kò ní kí ẹnikẹ́ni sọ fún òun ṣọ́ọ̀ṣì wo ni.


5.

[Orí fóònù. Olúyínká Ògúntúyì ni lọ́yà rẹ̀.]

LỌ́YÀ: Dókítà, ṣé ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni kí ìwé wa tó wọlé?

LỌ́YÀ: Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́ ibi tí wọ́n á ti máa ṣe oògùn yìí sí ìtòsí Aṣèjíre pè mí láàárọ̀. Wọ́n ní bí kò bá sí pátẹ́ǹtì, àwọn ò ní kọ́ nǹkan kan.

LỌ́YÀ: Dókítà?

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Mò ń lọ sílé.


6.

[Ohùn tí Ọmọ́bọ́lá gbà sórí fóònù, nítorí lọ́yà ní kó gbà á. Ilé Fájánà, Ìkirè. Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀.]

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Màmá, ẹ̀rí tí ẹ jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún 2024. Kí lẹ sọ?

MÀMÁ: Èwo nínú ẹ̀? Ọlọ́run ṣe púpọ̀ lọ́dún yẹn.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Èyí tó kan iṣẹ́ mi.

MÀMÁ: Áà. Mo ní Ọlọ́run tó yọ̀ǹda kí Ìfẹ́ lọ ti fi ọgbọ́n sórí ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Mo ní ẹ bá mi gbé e ga. Wọ́n sì gbé e ga.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Ṣé ẹ sọ bí mo ṣe ń ṣe é?

MÀMÁ: Ẹ̀rí tí kò ní àlàyé, ẹ̀rí wo nìyẹn?

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Mo bẹ̀ yín kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

MÀMÁ: O ní kí n má sọ fún èèyàn. Ọlọ́run ni mo sọ fún.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Pẹ̀lú makirofóònù.

MÀMÁ: Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ṣé kí n wá di ọlọ́ṣà ni?

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Ogún ìṣẹ́jú ńkọ́? Ṣé ẹ sọ ọ́?

MÀMÁ: Bí mo ṣe fẹ́ dé ibẹ̀ ni iná lọ. Makirofóònù kú. Àwọn akọrin bú sórin, àwọn ará ìjọ ò gbọ́ mi mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò dákẹ́ o. Mo dojú kọ kámẹ́rà, mo parí ọ̀rọ̀ mi. Kò tó ìṣẹ́jú méjì.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Tí iná bá ti lọ, kámẹ́rà náà ti kú nìyẹn. Àbí kò kú?

MÀMÁ: Ta ló ń wo iná níbi tí a ti ń yin Ọlọ́run? Bọ́lá, jọ̀ọ́, ṣé o ti gbàgbé ni, pé èmi gan-an ni mo—

[Ọmọ́bọ́lá pa ohùn náà níbí.]


7.

(òfìfo. Ọmọ́bọ́lá ní kí a fo èyí ná.)


8.

ÌKÉDE LÁRA ILẸ̀KÙN ṢỌ́Ọ̀BÙ SHERIFF MORÓNFÓLÚ, ÀPÒMÙ

OJÚTÓ Ń BÁ YÍN ṢỌ́ KỌ̀ǸPÚTÀ YÍN
Ilé-ìwé. Ṣọ́ọ̀ṣì. Mọ́ṣáláṣí. Ilé ìwòsàn.
Iná lọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀.
Iná dé, ó tún gbogbo ẹ̀ tò.
Ohun tó bá ti kọ, KÒ SẸ́NI TÓ LÈ PA Á RẸ́.
Ẹ má bẹ̀ mí.


9.

Láti Ìkirè dé Àpòmù, ẹni tó bá ń jẹ dòdò lọ kò ní tíì jẹ ẹ́ tán kó tó dé ibẹ̀. Ọmọ́bọ́lá ra dòdò náà, kò jẹ ẹ́. Orí ọ̀kadà ló ti ń ṣe àdúrà pé kí bátìrì ṣọ́ọ̀ṣì ti kú lọ́jọ́ náà. Ó mọ̀ pé àdúrà ohun tó ti kọjá ni. Ó ṣe é náà.

Iléèwé kan náà ni òun àti Sheriff lọ, kíláàsì méjì ni Ọmọ́bọ́lá fi ṣáájú rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀ṣì àwọn màmá Ọmọ́bọ́lá. Òun náà ti fi ìwé sílẹ̀ fún pátẹ́ǹtì, nítorí Ojútó, ètò kọ̀ǹpútà tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ọdún kẹta rèé tó ti ń dúró.


10.

[Ohùn tí a gbà sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù Sheriff.]

SHERIFF: Àǹtí, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó. Ẹ má fẹsẹ̀ kọ wáyà yẹn. Mi ò lè bá yín jẹ dòdò o, ààwẹ̀ ni mo wà.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án, 2024. Ṣọ́ọ̀ṣì àwọn màmá mi. Ó ku díẹ̀ kí aago méjìlá lù.

SHERIFF: Ẹ jẹ́ n wò ó.

(Ó wò ó.)

SHERIFF: Ẹ wá wò ó fúnra yín.


11.

OJÚTÓ / ÌKIRÈ / 01-09-2024

11:38:06 — Iná lọ.
11:38:06 — Bátìrì gbà á.
11:38:07 — Fídíò ń lọ. Ẹni tó ń wò: 3.
11:40:31 — Fídíò ń lọ. Ẹni tó ń wò: 3.
11:41:50 — Bátìrì kú. Fídíò dúró.
11:58:12 — Iná dé.


12.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Ìṣẹ́jú mẹ́ta lé ni bátìrì yẹn fi gbé e.

SHERIFF: Èmi ni mo rà á fún wọn. Bátìrì gidi ni.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Màmá mi ò lò tó ìṣẹ́jú méjì.

SHERIFF: Ẹni mẹ́ta péré ló ń wò ó, Àǹtí. Ọ̀kan nínú wọn á ti sùn lọ.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Ẹnì kan péré ti tó wọn. Ta ló tún ní àkọsílẹ̀ yìí?

SHERIFF: Èmi nìkan.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Bá mi yọ ìlà mẹ́rin àárín kúrò níbẹ̀.

SHERIFF: Kò ṣeé yọ. Ìlà kọ̀ọ̀kan ló di èyí tó ṣáájú ẹ̀ mú. Tí ẹ bá fa ọ̀kan, gbogbo wọn á pariwo.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Ìwọ lo ṣe é.

SHERIFF: Ohun tí mo kọ sínú ìwé tèmi nìyẹn, pé kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́, títí kan ẹni tó ṣe é. Bí mo bá yọ ọ́ fún yín, irọ́ ni mo fi ránṣẹ́ sí ìjọba.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Sheriff, mo bẹ̀ ọ́.

(Sheriff na ìka sí ilẹ̀kùn, níbi tí ìkéde wà. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.)

SHERIFF: Òòlù wà lábẹ́ tábìlì. Mi ò kọ ọ́ sínú ìwé kankan pé ẹnikẹ́ni ò lè fọ́ kọ̀ǹpútà. Mò ń lọ kírun Alásárì.


13.

Ó gbé òòlù náà. Ó wúwo ju bó ṣe rò lọ.

Inú ń bí i. Ó bínú sí màmá rẹ̀. Ó bínú sí àwọn akọrin tí kò lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Ó bínú sí bátìrì: gbogbo bátìrì Ìkirè ló máa ń kú lójú ẹsẹ̀, àfi ọ̀kan ṣoṣo yìí tó ní òun fẹ́ ṣe akin.

Ó rántí Ìfẹ́olúwapọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, bó ṣe ń fi ìrọ̀rí bo ẹnu kí màmá má baà gbọ́ igbe rẹ̀. Bí òun bá fọ́ kọ̀ǹpútà yìí, wọ́n á kọ́lé sí Aṣèjíre. Oògùn á jáde. Ọmọ ọlọ́mọ á rí i lò. Ta ni yóò bi òun?

Ó gbé òòlù sókè.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí a parọ́ mọ́ ọn: kì í ṣe ìwà rere ló dá ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ojú ewé kan ni, nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní lábù, tó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀lé e láti ọdún 2024 kí ẹnikẹ́ni má baà kà á. Bó bá fọ́ eléyìí tán, ojú ewé yẹn ṣì wà. Ṣé yóò fi òòlù fọ́ òun náà? Ọdún mẹ́fà ló ti fi ń yọ òfìfo kúrò lára kíkún, òun ló wá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ da òfìfo padà sí i.

Ó dá òòlù padà sábẹ́ tábìlì. Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó jẹ dòdò rẹ̀. Ó ti tutù.


14.

Nígbà tí Sheriff dé, ó kọ́kọ́ wo kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ló mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ àkọsílẹ̀ náà jáde, ìlà mẹ́fà, bébà kan.


15.

[Orí fóònù.]

LỌ́YÀ: Mo rí bébà yín. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹ fi pamọ́. A ti ń borí wọn.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn.

LỌ́YÀ: Dókítà, ẹ lè pàdánù gbogbo rẹ̀.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Mo mọ̀. Ẹ tún bá mi fi fọ́ọ̀mù àtúnṣe sí i. Orúkọ ẹnì kan kù nínú ìwé wa.

LỌ́YÀ: Orúkọ ta?

(Ọmọ́bọ́lá dárúkọ náà.)

LỌ́YÀ: Áà.

LỌ́YÀ: Ìyẹn ò ní gbà wá o. Ó tún lè dá kún wàhálà wa.

ỌMỌ́BỌ́LÁ: Kì í ṣe torí kó lè gbà wá ni mo fi ń ṣe é.


16.

FỌ́Ọ̀MÙ ÀTÚNṢE

Orúkọ àwọn tó ṣe àwárí:
  1. Ọmọ́bọ́lá Fájánà
  2. Ọ̀ṣúnbùkúnmi Fájánà

Iṣẹ́ wọn:
  1. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì
  2. Àgbẹ̀

Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú wá:
  1. Omi iyọ̀ méjèèjì. Kíka ìṣẹ́jú.
  2. Ìdádúró.

Kí màmá, ẹnì kejì yìí, tó fọwọ́ sí i, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún kà á. Wọ́n ní: «Tèmi wá ni ohun tí mo sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì?» Ọmọ́bọ́lá ní: «Tiyín ni, mà.» Wọ́n ní: «Kí ló dé tí o fi ní kí n má sọ ọ́?»

Ọmọ́bọ́lá ṣí bírò, ó fi lé wọn lọ́wọ́.


17.

BÍ NǸKAN ṢE WÀ NÍ ỌJỌ́ 16 OṢÙ KẸRIN

Ọ́fíìsì: bébà Sheriff àti fọ́ọ̀mù àtúnṣe ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọn kò tíì sọ̀rọ̀.

Àwọn Aṣèjíre: wọ́n ní àwọn ń wò ó.

Sheriff: ó ṣì ń dúró. Ìkéde ṣì wà lára ilẹ̀kùn.

Màmá: wọ́n ní àwọn máa jẹ́rìí lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ní àwọn ò ní ṣàlàyé. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́.

Ọmọ́bọ́lá: lábù. Nínú alárù mẹ́wàá, mẹ́sàn-án ló ń ru ẹrù báyìí. Ó ń wá ìkẹwàá lọ.


7.

(Ó ti kún. Láti inú ìwé àkọsílẹ̀ lábù Ọmọ́bọ́lá, 14 Oṣù Kẹfà, 2024. Omi gbígbóná ló fi ṣí gọ́ọ̀mù náà. Ẹ̀dà rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ lọ́yà.)

Mo pe màmá. Mo ní òfìfo ṣì ń bá kíkún jáde, ó ti sú mi.

Wọ́n ní: Báwo lo ṣe ń dà á?

Mo ní: Omi oníyọ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà omi oníyọ̀ púpọ̀.

Wọ́n ní: Lójú ẹsẹ̀?

Mo ní: Lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n ní: Ohun tó fà á nìyẹn. L'Órílẹ̀-Òwu, tí a bá fẹ́ gbin àgbàdo, a máa ń da irúgbìn sínú omi iyọ̀ kí òfìfo lè léfòó. Ṣùgbọ́n a kì í dà á lẹ́ẹ̀kejì lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan wà tí kò kún, tí kò sì ṣófo. Ẹlẹ́tàn ni wọ́n. Màá fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, màá lọ gbá ẹ̀yìnkùlé. Kí n tó gbá a tán, olúkúlùkù á ti mọ ibi tó ń lọ.

Mo ní: Ìṣẹ́jú mélòó nìyẹn?

Wọ́n ní: Ṣé mò ń ka ìṣẹ́jú ni? Jẹ́ kó sinmi. Ẹni tó bá kánjú ló ń gbin òfìfo.

Mo ní: Màmá, ẹ dúró. Ẹ tún un sọ, kí n kọ ọ́ sílẹ̀.