Ògì Inú Rédíétọ̀

Kòkúmọ́ fa pọ́ǹpù omi mọ́tò náà yọ, omi funfun tẹ̀ lé e, ó dà sí i lẹ́sẹ̀, òórùn kíkan sì gba gbogbo àgbàlá.

"Kí lèyí? Olúfúnmilọ́lá, wá bá mi gbóòórùn nǹkan yìí."

Ìyàwó ẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo imú. "Ògì ni. Ògì tó ti kan kọjá jíjẹ."

Àṣìkẹ́, ìyá Kòkúmọ́, jókòó lórí àpótí lábẹ́ igi ọsàn, ó ń bó ẹ̀gúsí. Kò gbójú sókè. Ó mọ bí ògì ṣe débẹ̀.

Ọkọ ẹ̀ tó kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ló fi mọ́tò Píjó náà sílẹ̀. Àyè ìjókòó ọkùnrin náà ṣì tẹ̀ wọnú níwájú bí ìtẹ́ adìẹ, gbogbo ọ̀sán Jímọ̀ ni Àṣìkẹ́ sì máa ń lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti ti bọ́dà pa ni pọ́ǹpù omi ti ń jò. Ìgólò lọ́hùn-ún, lẹ́yìn bọ́dà, ni wọ́n ti ń rí irú ẹ̀ rà. Mọ́nsúrátù, àbúrò Àṣìkẹ́, ló gbé òmíì gba ọ̀nà igbó wá sí Ìhunbọ, ó tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ tòmátì nínú abọ́. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù bi í pé kí ló rù, ó ní tòmátì ni. Tòmátì náà ni, lókè.

Kòkúmọ́ ti búra láàárọ̀. "Màámi, bí eléyìí ò bá gbà, ọ̀la làwọn alájàákù irin máa wá gbé e. Mi ò lè máa ti mọ́tò lójú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní Pọ́lì mọ́."

Ní báyìí, ó dúró níwájú ìyá ẹ̀, irin lọ́wọ́.

"Ta ló ń fún mọ́tò lẹ́kọ mu?"

"Èmi ni. Bó o bá ti wọ balùwẹ̀, mo máa ń bu ife kan sí i."

Olúfúnmilọ́lá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò fi ṣúgà sí i, Màmá?"

"Bàbá yín ló ṣe é, nígbà tí ìjọba ṣọ́jà kọ́kọ́ ti bọ́dà. Ó ń jò, ó da ògì sí i, ó dákẹ́."

Ojú Àṣìkẹ́ ló ṣe. Ọjọ́ tó bí Kòkúmọ́ ni, lẹ́yìn ọmọ mẹ́ta tí kò dúró. Ọ̀sán gangan ni ìrọbí mú un ní Ajílété yìí, omi sì ń ṣàn lábẹ́ mọ́tò. Ọkọ ẹ̀ sáré wọ ilé ìdáná, ó gbé ìkòkò ògì jáde, ó dà á sínú rédíétọ̀, wọ́n sì dé ọsibítù ní Ìlaròó.

Nǹkan kejì tó rántí, kò sọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni rí. Ó bímọ tán, kò rí ọkọ. Ilẹ̀ mọ́, àwọn ọkọ ẹlòmíì gbé ọbẹ̀ gbígbóná wá. Tiẹ̀ ò yọjú. Ìrọ̀lẹ́ ló tó wọlé, dọ̀tí dúdú kún èékánná ẹ̀. Àṣìkẹ́ gbà pé ó ti lọ sídìí iṣẹ́ kó tó rántí àwọn. Wọ́n ní abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ọ̀nà téèyàn rò pé òun mọ̀, kí ni yóò tún béèrè sí? Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló tún fi bá a gbé. Ó se oúnjẹ fún un, ó tọ́jú ẹ̀ nínú àìsàn, ó sin ín. Kò bi í léèrè rí.

Kòkúmọ́ ti padà sídìí iṣẹ́. Ó họ ojú ibi tí pọ́ǹpù ń jókòó sí. Ó tẹ́ páálí ọṣẹ tí kò ní í jẹ́ kómi gba àárín wọn jò lé e, ó ń fi òòlù kékeré gbá etí ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ títí ihò bóòtù fi yọ lára páálí, ó gé e, ó fi gúrísì pa á. Bàbá ẹ̀ ló kọ́ ọ.

"Ìrìn kan ṣoṣo ni ògì wà fún, Màámi," ó wí láìbojú wẹ̀yìn. "Bàbá sọ fún mi. Ó ní ó ti di ẹ̀kọ nínú rédíétọ̀ nígbà tẹ́ ẹ fi dé ọsibítù. Látàárọ̀ ọjọ́ kejì ló ti tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ lẹ́yìn ọsibítù níbẹ̀, tó ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ yọ ọ́ ní ihò kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun ò lè gbé ọmọ tuntun sínú mọ́tò tó lè dá dúró lójú ọ̀nà."

Ẹ̀gúsí bọ́ lọ́wọ́ Àṣìkẹ́. "Ẹ̀yìn ọsibítù?"

"Lábẹ́ igi máńgòrò kan. Ó ní òun ń gbọ́ ẹkún mi lójú fèrèsé."

Àṣìkẹ́ gbé ẹ̀gúsí tì, ó dìde.

Kòkúmọ́ gbé pọ́ǹpù tuntun sí i, ó di bóòtù ìkẹyìn, ó bu omi sí i, ó ta á. Mọ́tò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbà. Wọ́n jẹ́ kó gbóná dáadáa. Olúfúnmilọ́lá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó yọjú wo abẹ́ ẹ̀.

"Ilẹ̀ gbẹ o! Alájàákù, ẹ máa lọ!"

Àṣìkẹ́ ò wo abẹ́ mọ́tò. Ó ti wọlé, ó ti jáde, ìgò àdí lọ́wọ́ kan, ẹyọ ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ kejì. Ó ṣílẹ̀kùn iwájú, ó jókòó sínú àyè tó tẹ̀ wọnú náà fúnra ẹ̀.

"Mú ọwọ́ rẹ wá."

"Màámi, màá fọṣẹ fọ̀ ọ́."

"Mo ní kó o mú un wá."

Kòkúmọ́ lóṣòó sẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò, ó na ọwọ́ sí i. Àtàǹpàkò ni ìyá ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń fi àdí àti ẹyọ ìgbálẹ̀ yọ dọ̀tí dúdú náà díẹ̀díẹ̀, èékánná kan lẹ́yìn èkejì, kò kánjú.