Orúkọ Kẹsàn-án

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mo fi jẹ́ kí òkú ẹlòmíràn máa ru ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Lọ́dún 1947, ọmọ ogún ọdún ni mí, mò ń tẹ̀wé ní kóòtù wa ní Tarpley, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ìlú fẹ́ gbé òkúta ńlá kan kalẹ̀ níwájú kóòtù, kí wọ́n gbẹ́ orúkọ àwọn ọmọ wa tó bógun lọ sí i lára. Ọ̀gbẹ́ni Tolliver tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ mẹ́tàlélógún, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́, kí n fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gbẹ́ òkúta. Orúkọ kẹsàn-án ni Cleophus Gaither, èèyàn dúdú. Ardella, ìyá rẹ̀, ló ń fọṣọ fún ilé tiwa, àwa òyìnbó, láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Orúkọ tó tẹ̀ lé e ni ti ẹ̀gbọ́n Hoyt Garrison, ọmọkùnrin tí mò ń fẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo jẹun nílé àwọn Garrison, mo sì ń ka àwọn orúkọ náà fún wọn, kí wọ́n lè rí i pé mo mọ àṣírí ìjọba. Ìyá Hoyt rọra gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀.

“Ṣé ẹ̀gbẹ́ ọmọ alágbàfọ̀ ni wọ́n máa tẹ́ ọmọ tèmi sí títí ayé?”

Kò tún ọ̀rọ̀ náà sọ, kò sì ní kí n ṣe ohunkóhun. Ó kàn gé èyí tó tóbi jù nínú páì eléso rẹ̀ fún mi.

Ní ọjọ́ Ajé, orúkọ méjìlélógún ni mo tẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Tolliver ń kánjú, ó buwọ́ lù ú láì kà á. Mo kó ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lójú òkúta, ẹ̀yìn pátápátá ni àwọn èèyàn dúdú dúró sí. Ìgbà tí èrò túká ni Ardella tó sún mọ́ ọn. Kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé, àmọ́ ó mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ tó bá rí i. Ó fi ìka tọ àwọn orúkọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Nígbà tó yá, ó yí lọ sí ẹ̀yìn òkúta. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó wá rí mi.

“Ẹ jọ̀ọ́, Miss Verlene, ṣé òkúta mìíràn ṣì ń bọ̀ ni?”

Ìyá mi ni kò ní jù ú lọ, òun ló sì ń fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀. Bí ayé wa ṣe rí nìyẹn.

“N ò mọ̀, Ardella. Lọ bi Ọ̀gbẹ́ni Tolliver.”

Mo mọ̀ pé kò lè lọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ sílé.

Mo fẹ́ Hoyt. Ọ̀gbẹ́ni Tolliver kú. Nígbà tí ayé yí padà, tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ẹni tó yọ Cleophus, gbogbo ìlú ní Tolliver ni. Èmi náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bíi tiwọn.

Lọ́dún 2004, Odessa, àbúrò Cleophus tó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, mú lẹ́tà tí àwọn ológun fi kéde ikú Cleophus wá sí ìpàdé ìlú, ó ní kí wọ́n gbẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n òun. Ni Joyce, ọmọ-ọmọ Tolliver, bá dìde, ó ń sunkún, ó sì ń tọrọ àforíjì lórúkọ bàbá bàbá rẹ̀. N ò lè gbójú sókè.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú ìwé àfọwọ́kọ náà lọ sílé Odessa. Mo ní, “Ẹ̀yin ni mo wá bá, mà,” mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó wo ìwé náà títí.

“Ṣé ìyá Garrison ló ní kí o yọ ọ́?”

“Rárá, mà. Kò sẹ́ni tó ní kí n yọ ọ́.”

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. “Màmá mi gbàdúrà fún ọ títí ó fi kú. Ó ní nínú gbogbo àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìwọ nìkan lo dá òun lóhùn.”

Ì bá sàn kó bú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó fọwọ́ dá mi dúró.

“Kì í ṣe èmi lo ṣẹ̀, n ò sì lè bá òkú dárí jì ọ́. Àmọ́ wàá sọ ọ́ fún Joyce, lójú gbogbo ìlú.”

Mo sọ ọ́. Dwight ọmọ mi dìde jáde kí n tó parí. Joyce gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ń wo ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá bàbá rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n gbẹ́ Cleophus sí, torí kò sí àyè mọ́ lókè. Odessa ní kò burú, òun ti dàgbà jù láti máa dúró de òkúta tuntun. Tá a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀bù, ó máa ń kí mi. Kò pè mí wá sílé rẹ̀, èmi náà ò sì lójú tí mo lè fi lọ.